Ọkọ̀ Ìjókòó Méjì

Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni àdúgbò náà fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Kì í ṣe aṣọ ènìyàn ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà rán, àga ọkọ̀ ni. Obìnrin tó ni ín ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Abẹ́rẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, àti nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a máa gún ẹni tí kò bá ṣọ́ra. Bí fóòmù àga bá ti rì débi pé irin ń gún awakọ̀ ní ìdí, ọ̀dọ̀ Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ.

Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá yìí nígbà kan rí. Ọ̀nà jíjìn ló ń rìn, ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá kó tó fojú kan ilé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún un, ó kó kọ́kọ́rọ́ lọ́rì fún ọ̀gá rẹ̀, ó lọ gba iṣẹ́ olùṣọ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí, kó lè máa wà nílé nígbà tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé. Wọn kì í ṣe irú oore báyìí fún ènìyàn kó gbàgbé. Abẹ́rẹ́ kò gbàgbé.

Olùkọ́ kan ti bá a dá àdéhùn ìgbéyàwó rí. Ọkùnrin náà ní òun ń kọjá òkun lọ kàwé sí i, òun á padà wá mú un. Lẹ́tà rẹ̀ gùn lọ́dún kìíní, ó kúrú lọ́dún kejì. Nígbà tó di ọdún kẹta, káàdì lásán ló dé, kò sì sí àdírẹ́sì lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ti gorí ìyẹn. Àdáwà kì í pariwo, ohun tó fi burú nìyẹn. Á kàn jókòó tì ọ́ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa lọ. Bí Abẹ́rẹ́ bá ti fọ àwo méjì, tó fọ ife méjì tán lálẹ́, bàbá rẹ̀ á tan rédíò ní yàrá tirẹ̀, òun á wọ yàrá tirẹ̀, ògiri kan á sì wà láàárín ẹni méjì tí wọn kò ní ẹlòmíràn láyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, takisí kan dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin gíga kan bọ́ sílẹ̀, oòrùn ti sun ọrùn rẹ̀ dúdú, amọ̀ pupa sì gbẹ mọ́ bàtà rẹ̀. Ó gbé àga ọkọ̀ méjì jáde látẹ̀yìn takisí náà.

“Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń rán àga?”

“Èmi ni. Ọkọ̀ rẹ̀ dà?”

“Ó wà nílé. Kò tíì lẹ́sẹ̀.”

“Kí ló gé e lẹ́sẹ̀?”

“Èmi ni mo tú táyà rẹ̀. Mo tú bíréèkì rẹ̀ náà. Ká má purọ́, gbogbo rẹ̀ ni mo tú.”

Abẹ́rẹ́ wò ó látòkè délẹ̀. “Ṣé ó ṣẹ̀ yín ni?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí òun àti ẹ̀rín kò pàdé fún ọjọ́ pípẹ́. Ó ní awọnlẹ̀ ni òun, pé iṣẹ́ òun ni kí òun máa lọ wọn ilẹ̀ ibi tí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà gbà, nínú igbó, níbi tí ènìyàn lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìgbọ́ kí wọ́n pe orúkọ òun. Abẹ́rẹ́ bi í pé àga ẹ̀yìn ńkọ́.

“Kò ní ti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ eré ni, láti ilẹ̀ Japan. Ó sì ti dàgbà. Ká ní ènìyàn ni, á ti bímọ, ọmọ náà á ti máa wá iṣẹ́.”

Ọjọ́ kẹta ni Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn àga náà. Ó bó awọ òkè, ó yọ fóòmù tó ti di ẹ̀tù. Lára aṣọ funfun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè dé, ó rí ohun tí ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ. Ìlà méjì ni, lédè ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà, àmì rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí iyanrìn. Ojú ènìyàn kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín.

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú gbogbo àga tó bá rán, kó tó bò ó, ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀: “Òjò rọ̀ lónìí.” “Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá.” Kò mọ ẹni tó ń kọ ọ́ sí. Ẹnì kan ti jókòó rí lókè òkun, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tí òun náà ò mọ ẹni tó ń kọ ọ́ sí.

Nígbà tí Awọnlẹ̀ dé, Abẹ́rẹ́ fi hàn án. Ọkùnrin náà lóṣòó tì í, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

“Ẹ̀yin náà máa ń kọ nǹkan síbẹ̀.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Bí ẹ ṣe mú un dání ni mo fi mọ̀. Èmi náà máa ń ṣe é. Bí mo bá fẹ́ ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, mo máa ń fi ìṣó kọ nǹkan sí ìdí rẹ̀, apá tó máa wọ ilẹ̀.”

“Kí lẹ máa ń kọ?”

“Ohun tí mo bá jẹ lọ́jọ́ náà.”

Abẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ yọjú láti inú ilé, ó ní omi ni òun ń wá, ó wo àlejò náà, ó sì padà sínú ilé láìbu omi kankan.

Láti wọn inú ọkọ̀ náà, Abẹ́rẹ́ ní láti lọ sí ilé Awọnlẹ̀. Abẹ́ páànù kan lẹ́yìn ilé ni ọkọ̀ náà wà lórí igi mẹ́rin. Ó kéré ju bó ṣe rò lọ, ó lọ sílẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ ẹyẹ. Pupa ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ti mu pupa náà tán. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti tì pa ni Awọnlẹ̀ ti rí i, koríko ti dé fèrèsé rẹ̀, igi kékeré kan sì ti gba ibi tí ẹ́ńjìnì wà yọ sókè. Ọdún méjì ló fi ń kọjá níwájú rẹ̀ kó tó bèèrè ẹni tó ni ín.

“Kí ló wá mú yín rà á?” ni Abẹ́rẹ́ bi í.

“Ó jọ pé kò sẹ́ni tó ń bi í bó ṣe jí.”

Ọkùnrin kan yọ jáde láti abẹ́ ọkọ̀ náà. Ó sanra, epo dúdú kun ún dé ìgbọ̀nwọ́. Mẹkáníìkì ni, Gírísì ni wọ́n ń pè é, òun nìkan sì ni ọ̀rẹ́ tí Awọnlẹ̀ ní.

“Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀,” ni Gírísì wí.

“Ta ni ìyàwó yín?”

“Ẹ má bínú, epo ló wọ̀ mí lójú. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń bá ọkùnrin yìí tún ọkọ̀ yìí ṣe. Mo ní ká fi sáléǹsà ńlá sí i, kí wọ́n máa gbọ́ wa ní ìlú kejì, ó ní kí lòun fẹ́ fi ariwo ṣe. Mo ní ká tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, ó ní òkúta ń bẹ lọ́nà. Bíréèkì tuntun, táyà fífẹ̀, ẹ́ńjìnì tó lágbára ju ti àtijọ́ lọ, ìwọ̀nba tó gbà nìyẹn. Ẹ wo iná iwájú rẹ̀.”

Ó tẹ nǹkan kan. Iná iwájú tó wà lápá kan rọra gbé orí sókè láti inú irin, èkejì kò mira.

“Ẹ má dá a lóhùn,” ni Gírísì wí. “Gbogbo obìnrin ló ń ṣẹ́jú sí.”

Abẹ́rẹ́ wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé sápá òsì, níbi tí awakọ̀ máa ń jókòó sí nínú gbogbo ọkọ̀ ìlú náà. Kò bá sítíárìn níbẹ̀. Apá ọ̀tún ló wà.

“Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn,” ni Awọnlẹ̀ wí, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Wàhálà rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ ńlá bá wà níwájú mi, mi ò lè rí ohun tó ń bọ̀. Àfi kí ẹnì kan wà níbi tí ẹ wà yẹn, kó máa wò ó fún mi.”

“Ta ló máa ń wò ó?”

“Kò tíì sí ẹnì kankan.”

Gírísì wúkọ́, ó ní òun ń lọ wá sípánà. Sípánà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni iṣẹ́ náà gbà. Nígbà tí àga parí, ó ku ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀kùn parí, Awọnlẹ̀ rántí pé òrùlé náà nílò aṣọ. “Ẹ” di “o” láàárín wọn, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó yí padà. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ Awọnlẹ̀ máa ń wá jókòó sórí ìdì fóòmù, nígbà mìíràn wọn kò ní sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n bó bá dìde, ṣọ́ọ̀bù náà á fẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n rán an lọ wọn ilẹ̀ kan tó jìnnà. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, kò dé. Abẹ́rẹ́ pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Ó pè é lọ́jọ́ kejì, ó pè é lọ́jọ́ kẹta, ó wá ń pè é kó lè gbọ́ ohùn tó ń sọ pé kò sí ní àyíká, nítorí ó sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Ó ń rò ó pé bóyá òun ló gbà á gbọ́ jù. Ṣé ọkùnrin náà tilẹ̀ sọ nǹkan kan? Kò sọ pé òun fẹ́ ẹ. Àga ló gbé wá, àga sì ti parí.

“Àwọn tó ń lọ, lílọ ni wọ́n mọ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí lọ́jọ́ kan, láìwo ojú rẹ̀. “Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ni mí.”

Ọ̀sẹ̀ keje, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Abẹ́rẹ́ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì kan tí kò gbọ́ rí, ó nípọn, ó mọ́ tónítóní. Ọkọ̀ pupa kan yí wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì dìde bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Awọnlẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó ti rù.

“Iṣẹ́ náà gùn sí i, katakata kan sì gun orí fóònù mi,” ó ní. “Mi ò sì mọ nọ́ńbà rẹ lórí.”

“Ọ̀sẹ̀ méje.”

“Mo mọ̀. Lóru àná ni mo dé. Mo wá dúró síwájú pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ níbí yìí, o ti ti ilẹ̀kùn, mo ń ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ títí ó fi wọ̀ mí lórí.” Ó ka nọ́ńbà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ fẹ́ bínú, ibi tó fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Gírísì ti parí ọkọ̀ náà kí n tó dé,” ni Awọnlẹ̀ ń sọ lọ. “Mo gbé e jáde láàárọ̀ yìí. Mo bọ́ sẹ́yìn tírélà kan. Láti aago méje títí di aago mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Gbogbo ènìyàn ń kọjá, èmi ò lè kọjá.”

“Ojú lo wá wá nìyẹn.”

“Ẹni tó ni ojú náà ni mo wá. Jọ̀wọ́, fẹ́ mi.”

Abẹ́rẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún un fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ayọ̀ náà dé, ẹ̀rù sì tẹ̀lé e lẹ́yìn bí òjìji.

“Bàbá mi wà nínú ilé,” ó ní.

Ọjọ́ kejì ni Awọnlẹ̀ wá, ó mú Gírísì dání gẹ́gẹ́ bí alárinà. Gírísì ti fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

“Bàbá,” ni Gírísì bẹ̀rẹ̀, “a rí òdòdó kan nínú ọgbà yín...”

“Mi ò lọ́gbà,” ni bàbá wí. “Sìmẹ́ńtì ni mo dà sí gbogbo ilẹ̀.” Ó kọjú sí Awọnlẹ̀. “Ìwọ tí o kò sọ̀rọ̀ yìí. Ìwọ lo ni ọkọ̀ tó wà níta yẹn?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ìjókòó mélòó ló ní?”

“Méjì, Bàbá.”

“Ọkùnrin tó bá ra ọkọ̀ ìjókòó méjì, ó ti sọ iye ènìyàn tó fẹ́ láyé rẹ̀.”

“Bàbá, ọkọ̀ lásán ni.”

“Lásán? O fi ọdún mẹ́rin tún nǹkan ṣe, o wá pè é ní lásán. Bó o ṣe máa pe ọmọ mi náà nìyẹn lọ́dún karùn-ún?”

Bàbá dìde, orókún rẹ̀ dún.

“Sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ òdì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wa lọ́rì, mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ tí kò rí iwájú. Ọ̀rẹ́ mi kan kú sí i. Lọ gbé sítíárìn yẹn bọ́ sápá òsì. Bó o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, wá, ká jọ sọ̀rọ̀.”

Abẹ́rẹ́ tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn kò jáde. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun jáde.

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí Gírísì fi sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. “Abẹ́rẹ́, ó ní kí n gé e! Láti gbé sítíárìn bọ́ sósì, àfi kí n gé irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀, kí n gé gbogbo iwájú inú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo bá gé báyìí, kò ní padà bọ̀ sípò láé. Bá mi bá a sọ̀rọ̀.”

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ débẹ̀, Awọnlẹ̀ ti fi ẹfun fa ìlà sára irin náà, ìlà rẹ̀ gún régé bíi ti ilẹ̀ tó ń wọ̀n.

“Irin ni,” ó ní. “Irin kì í sunkún.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Awọnlẹ̀ tún ẹfun mú, ó fa ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì.

“Má gé e,” ni Abẹ́rẹ́ wí. “Bó o bá gbé sítíárìn bọ́ sósì, Bàbá á ní bàtà rẹ ti gùn jù. Bó o bá gé bàtà, á ní kó o gé ẹsẹ̀. Èmi ni màá bá a sọ ọ́.”

Ó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe é. Bó bá ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, bàbá rẹ̀ á ní ọbẹ̀ náà dùn, tàbí á ní orókún òun tún ń dun òun, ọ̀rọ̀ á sì padà sọ́fun. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́fà. Awọnlẹ̀ kò wá fi agbára bèèrè. Ọjọ́ tó wá, ìwé kan ló mú dání. Wọ́n ń gbé e lọ sí ìlú kan tó jìnnà ní ìrìn ọjọ́ kan àbọ̀, láti wọn ojú irin rélùwéè. Ọdún mẹ́ta ni. Ìparí oṣù ló ń lọ.

“Mi ò fẹ́ fi ipá mú ọ,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ pé mo lè dúró.”

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni àbúrò bàbá Abẹ́rẹ́ wá kí wọn. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fà á wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn.

“Ṣé o rántí obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé? Ó máa ń gbé ìwé wá fún ọ. O jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá.”

Abẹ́rẹ́ dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára.

“Nígbà tí bàbá rẹ ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, o ti ilẹ̀kùn mọ́ra. O ò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá rẹ lọ bá obìnrin náà, ó bẹ̀ ẹ́ kó má bínú. Obìnrin náà ṣì dúró fún ọdún méjì kó tó fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ fún mi títí di ọdún tó kọjá.”

“Kí ló dé tí ẹ ń sọ ọ́ fún mi báyìí?”

“Nítorí ẹ fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ilé kan náà, ènìyàn méjì kan náà. Nígbà yẹn ìwọ lo dí ọ̀nà. Báyìí, òun ni.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bàbá jókòó sẹ́yìn ilé, ó ń nu bàtà tí kò wọ̀ lọ síbì kankan. Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Bàbá, mo wá bẹ̀ yín.”

“Kí lo ṣe?”

“Obìnrin ilé ìkàwé yẹn.”

Ọwọ́ bàbá dúró nínú bàtà náà.

“Àbúrò mi ò mọ ẹnu pa mọ́,” ó ní. “Gbàgbé ìyẹn. Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà.”

“Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo rí i pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí tí mi ò ṣe jẹun gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí.”

Bàbá gbé bàtà náà sílẹ̀.

“Ó ní agbòjò kan, àwọ̀ ìyeyè. Bí òjò bá ń rọ̀, mo ṣì máa ń wo títì.”

Omi ń bọ́ lójú Abẹ́rẹ́, kò nù ún. “Ẹ jẹ́ kí n lọ, Bàbá.”

“Ṣé o mọ ohun tí mo fi ń mọ̀ pé mo ṣì wà láyé?” ni bàbá wí. “Ẹ̀rọ rẹ yẹn ni. Bí mo bá jí tí mo gbọ́ ọ, màá ní, ó dáa, ènìyàn kan ṣì wà. Bó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, màá dìde wá yọjú. Màá ní omi ni mò ń wá.”

Ọdún púpọ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti ń rí i tó ń wá omi. Ó ti rò pé àgbà ló ń gbẹ ẹ́ lọ́nà ọ̀fun.

“Ẹ tẹ̀lé wa. Yàrá á wà fún yín.”

“Igi tó ti gbó, wọn kì í hú u lọ gbìn síbòmíràn. Àti pé orí kí lẹ fẹ́ kí n jókòó sí nínú ọkọ̀ yín yẹn?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò sì dé ojú rẹ̀. “Ìwọ ò jẹ mí ní nǹkan kan, ọmọ mi. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó já a gbà lọ́wọ́ mi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ló ránṣẹ́ pe Awọnlẹ̀. Ọkùnrin náà dúró, ó ń dúró de ìbéèrè, ìbéèrè kò wá.

“Fi sítíárìn rẹ sílẹ̀ níbi tó wà,” ni bàbá wí. “Kò sí apá tó o gbé e sí tí kò ní gbé ọmọ mi lọ.”

Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó níwájú akọ̀wé ìjọba kan tí otútù mú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì àti Gírísì ló ṣe ẹlẹ́rìí. Gírísì sunkún ju ìyàwó lọ. Bàbá wọ kóòtù kan tó ti fún un léjìká, ó bọ ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó máa yẹ omi ẹ́ńjìnì wò láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ti ṣáájú wọn nínú lọ́rì kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára sìmẹ́ńtì, ó jìn bí ibi tí ènìyàn ti kúnlẹ̀ pẹ́. Bàbá kò jáde. Ó ní awakọ̀ kì í dúró wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń lọ.

Abẹ́rẹ́ jókòó sápá òsì lórí àga tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Nígbà tí wọ́n bọ́ sẹ́yìn tírélà àkọ́kọ́, ó na ọrùn, ó wò. “Ó mọ́. Máa lọ.” Ọkọ̀ náà fò síwájú, ọkàn rẹ̀ náà fò, ó rẹ́rìn-ín sókè. Lẹ́yìn náà ojú ara rẹ̀ tì í pé ó rẹ́rìn-ín. Awọnlẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí aago kan ọ̀sán lù, wọ́n dúró sí etí odò ńlá kan. Abẹ́rẹ́ pe ilé. Fóònù náà kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí bàbá rẹ̀ ti gbé e.

“Ẹ ti jẹun, Bàbá?”

“Mò ń jẹun lọ́wọ́.”

Abẹ́rẹ́ fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ ohùn ṣíbí, kò gbọ́ rédíò. Kò gbọ́ nǹkan kan rárá.

“Ibo lẹ dé?”

“A ti dé etí odò.”

“Háà! Odò yẹn!” Ohùn bàbá gbéra bí ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. “Fetí sílẹ̀ dáadáa. Afárá irin kan wà níwájú yín, tóóró ni, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbà á lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ tó gùn ún, kí ọkọ rẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn tó wà lọ́hùn-ún lè dúró. Pákó kan ti jẹrà lápá ọ̀tún, kó má tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti kọjá, ọ̀nà á yí lójijì, igi ńlá kan sì wà níbẹ̀. Ẹ rọra. Ṣé o rí afárá náà?”

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Afárá kọnkéré ló wà níwájú rẹ̀, ó fẹ̀ débi pé ọkọ̀ mẹ́fà ń sáré lórí rẹ̀ ní ẹgbẹ́ ara wọn. Kò sí irin, kò sí pákó. Lódìkejì odò, ọ̀nà náà gún bí okùn tí wọ́n fà, kò sì sí igi kankan títí dé ibi tí ojú rí i mọ.

“Mo rí i, Bàbá,” ó ní. “Tóóró ni lóòótọ́.”

“Ṣé ó ti fọn fèrè?”

Abẹ́rẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Awọnlẹ̀ ti ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó na ọwọ́, ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó sì pẹ́ lórí èkejì.

“Mo gbọ́ ọ,” ni bàbá wí. “Ó dáa. Ẹ máa gùn ún.”

Kò pa fóònù. Abẹ́rẹ́ náà kò pa á. Ó gbé e mọ́ etí, Awọnlẹ̀ sì wa ọkọ̀ náà gun orí afárá, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ tó kù ń sáré kọjá wọn.